Ẹ yé fi owó ṣòfò: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tí a bá ń fi áńtíbọ́dì aláwọ̀ wo TCR

Inú mi máa ń bàjẹ́ tí mo bá rí ìgò áńtíbọ́dì, prótéènì tó ń lẹ̀ mọ́ ohun kan pàtó lára sẹ́ẹ̀lì, nínú garawa ìdọ̀tí. Àjàṣẹ́ kọ́ ni wọ́n ti ń ṣe é. Òkè òkun ló ti ń bọ̀ nínú yìnyín. A ó san owó rẹ̀, a ó san ti ọkọ̀ òfuurufú, a ó tún san ti aṣọ́bodè ní Kùtọnù, kí ìgò tí kò ga tó ìka ọwọ́ tó dé inú fíríìjì wa. Kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ wá fi ọ̀sán kan ṣoṣo bà á jẹ́, ó ń dùn mí dé eegun.

Mi ò ní padà sí ìpìlẹ̀. Ẹ ti mọ̀ pé TCR, prótéènì kan lójú sẹ́ẹ̀lì, ni sẹ́ẹ̀lì T (sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń gbèjà ara) fi ń dá àjèjì mọ̀, pé kò lè yọ sójú sẹ́ẹ̀lì láìsí CD3, prótéènì tó ń bá a rìn, àti pé áńtíbọ́dì tí wọ́n so àwọ̀ mọ́ ni a fi ń rí i nínú flow cytometer, ẹ̀rọ tó ń fi iná lésà wo sẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni mo bá wá.

Èkíní, ẹ má ra àwọ̀ kankan láìtíì mọ lésà tó wà nínú ẹ̀rọ tí ẹ máa lò. Àwọ̀ FITC àti PE ń tàn lábẹ́ lésà búlúù 488 nm. APC ń fẹ́ lésà pupa, nǹkan bí 640 nm. BV421 ń fẹ́ lésà 405 nm. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan wà tí wọ́n fi ń ka sẹ́ẹ̀lì T tó ní àmì CD4 fún àwọn tó ní HIV, lésà búlúù nìkan ló wà nínú wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé BV421 lọ sídìí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ó ti náwó tán kó tó béèrè. Áńtíbọ́dì náà dára, ó lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n kò sí iná tó máa mú kó tàn. Ìbéèrè kan lórí tẹlifóònù ni ì bá gbà á.

Èkejì, ẹ wo ẹ̀dá tí áńtíbọ́dì wà fún. Clone (irú áńtíbọ́dì kan pàtó) H57-597 tí ẹ ń rí nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìwádìí, TCR eku ló ń mú. Kò ní mú nǹkan kan nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, ì báà jẹ́ ará Kétu, ì báà jẹ́ ará Sábẹ̀ẹ́. Oríṣi TCR méjì ló wà, αβ àti γδ. Fún αβ ènìyàn, ẹ béèrè clone IP26. Fún γδ, B1 tàbí 11F2.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí mo torí rẹ̀ jókòó kọ̀wé. Ẹ yé da 5 µl sínú túùbù nítorí pé bébà inú páálí sọ bẹ́ẹ̀! Àwọn tó kọ bébà yẹn kò mọ iye sẹ́ẹ̀lì yín, wọn ò mọ bí ẹ̀rọ yín ṣe ń ríran. Ìwọ̀n tó máa tó fún gbogbo ènìyàn ni wọ́n kọ, ó sì sábà máa ń ju ohun tí ẹ nílò lọ. Ẹ wá ń bù ú bí ẹni ń bu iyọ̀ sí ọbẹ̀ tí kò tọ́ wò.

Owó tó ń lọ yẹn, ẹ mọ̀ ọ́n. Ohun kejì ló burú jù. Tí ojúkò áńtíbọ́dì lára sẹ́ẹ̀lì T bá ti kún, èyí tó ṣẹ́kù á wá ibòmíràn lẹ̀ mọ́. Á lẹ̀ mọ́ monocyte, á lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì B, á lẹ̀ mọ́ òkú sẹ́ẹ̀lì. Àwọn tí kò ní TCR rárá á bẹ̀rẹ̀ sí í tàn, wọ́n á sún mọ́ àwọn tó ní in, ẹ ò sì ní mọ ibi tí ẹ máa fa ìlà sí. Ẹ ó wá sọ pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́.

Àdánwò ìwọ̀n, èyí tí gbogbo wa ń pè ní titration, kò le. Ẹ gba ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le, ẹ yọ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ẹ pín in sí túùbù mẹ́jọ, mílíọ̀nù kan nínú 100 µl fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Túùbù kìíní gba ìlọ́po méjì ohun tí bébà sọ, èyí tó tẹ̀ lé e gba ìdajì ìyẹn, ẹ máa dá a sí méjì bẹ́ẹ̀ dé ìkeje, kí ìkẹjọ má gba nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ fi bọ́fà, omi tí a fi ń fọ sẹ́ẹ̀lì, la áńtíbọ́dì náà, torí pipẹ́ẹ̀tì tiwa kò lè wọn 0.3 µl kó pé. Ìṣẹ́jú 30 lórí yìnyín nínú òkùnkùn, kí ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ gbé e sí ẹ̀rọ. Ẹ mú median (iye àárín ìmọ́lẹ̀) àwọn tó tàn, ẹ yọ median àwọn tí kò tàn kúrò nínú rẹ̀, ẹ fi ìlọ́po méjì SD (ìwọ̀n ìfọ́nká) àwọn tí kò tàn pín in. Túùbù tí èsì rẹ̀ ga jù ni ìwọ̀n yín wà.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ìgò tó ní 500 µl, tí ẹ bá ń bu 5 µl, túùbù 100 ni. Tí ẹ bá rí i pé 1.25 µl tó, ìgò kan náà di túùbù 400. Ìgò mẹ́ta lẹ kò ní rà mọ́ yẹn, fún iṣẹ́ ọ̀sán kan. Mo ti sọ ọ́ títí, síbẹ̀ wọ́n á ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kò sí àyè.” Àyè wà láti dúró de ìgò tuntun láti òkè òkun, àyè ò sí láti pín túùbù mẹ́jọ! Mi ò gbà. Tí nọ́ńbà lot (ọ̀wọ́ tí wọ́n jọ ṣe) ara ìgò bá sì yí padà, ẹ tún un ṣe.

Ti fírísà ńkọ́? Nígbà kan tí iná ń lọ ṣáá, ẹnì kan ní láàbù tí mo ti lọ ṣèrànwọ́ kó gbogbo ìgò sí fírísà kí wọ́n má baà gbóná. Ó rò pé oore lòun ń ṣe. PE àti APC jẹ́ prótéènì tó wá láti ara ewéko kéékèèké inú omi, dídì ń bà wọ́n jẹ́. 2 sí 8°C ni ààyè wọn, láàárín fíríìjì, kì í ṣe lára ilẹ̀kùn. Ẹ kó ìgò omi sínú fíríìjì náà kó máa tutù ṣáájú. Tí iná bá lọ, ẹ má ṣí i.

Ìmọ́lẹ̀ náà ń pa wọ́n. Tí ìsopọ̀ inú PE-Cy7, àwọ̀ méjì tí wọ́n so pọ̀, bá já, á máa tàn bíi PE lásán, ẹ ó sì máa ka sẹ́ẹ̀lì tí kò sí.

Èyí náà ń bí mi nínú: ẹ ó fi OKT3, áńtíbọ́dì tó ń lẹ̀ mọ́ CD3, ta sẹ́ẹ̀lì T jí, ẹ ó wá máa wá CD3 lójú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Àbúrò kan sáré wá bá mi: “Ẹ̀gbọ́n, CD3 ti lọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì T ti kú tán!” Wọn ò kú. OKT3 yìí ni áńtíbọ́dì monoclonal (èyí tí gbogbo rẹ̀ rí bákan náà) àkọ́kọ́ tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún ìtọ́jú ènìyàn, ní 1986, kí ara má baà kọ kíndìnrín tí wọ́n pààrọ̀. Ó lágbára. Sẹ́ẹ̀lì tó bá kàn á fa TCR àti CD3 rẹ̀ wọlé láàárín wákàtí díẹ̀, èyí tó ṣẹ́kù níta, OKT3 ti jókòó lé e. UCHT1, áńtíbọ́dì CD3 mìíràn tí ẹ fẹ́ fi wá a, ibi tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà ló ń lẹ̀ mọ́. Ẹ fi CD4 àti CD8, àwọn àmì mìíràn lójú sẹ́ẹ̀lì T, dá àwọn sẹ́ẹ̀lì náà mọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ìgò tó ní sodium azide kò yẹ fún títa sẹ́ẹ̀lì jí, májèlé ni.

Ẹ fi àwọ̀ tó ń fi òkú sẹ́ẹ̀lì hàn sí i, gbogbo ìgbà.

Ẹ ṣe túùbù FMO, èyí tó gba gbogbo àwọ̀ àfi ọ̀kan, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ máa fa ìlà sí.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ̀ láti Kétu, ẹ má gbé e sórí yìnyín, ẹ má sì jẹ́ kó wà nínú búùtù takisí tó ń gbóná. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ náà gan-an.

Páálí Vβ (apá TCR αβ tó máa ń yàtọ̀ láti sẹ́ẹ̀lì dé sẹ́ẹ̀lì) tó ní áńtíbọ́dì 24, nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún TCR αβ ènìyàn ló ń rí. Ẹ má kọ “kò sí” síbi tí páálí kò lè wò.

Àwọn tó ń wo ibà nílẹ̀ wa, γδ lẹ sábà máa ń wá, torí Vγ9Vδ2, oríṣi γδ kan, máa ń jí sí kòkòrò ibà falciparum. Lára ẹni tí ara rẹ̀ le, γδ kì í sábà ju ìdá 1 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún sẹ́ẹ̀lì T inú ẹ̀jẹ̀ lọ. Tí ó bá jẹ́ ìdá 3, tí ẹ sì ka sẹ́ẹ̀lì T 5,000, γδ 150 péré lẹ ní, ẹ tún fẹ́ pín ìyẹn sí ọ̀wọ́ márùn-ún. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ ka sẹ́ẹ̀lì T tó 100,000. Tí ẹ̀jẹ̀ tí ẹ gbà lára ọmọdé bá kéré, ẹ dín iye túùbù kù, ẹ má dín sẹ́ẹ̀lì inú túùbù kù.