Bí A Ṣe Ń Mọ Iye Tí Alágbàtà Iṣẹ́ Ń Jẹ Lórí Owó Wa, Láì Da Àdéhùn

Ẹni tó bá ti gbé Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà kajú á ti rí wọn: àwọn alágbàtà tó ń gbé òṣùwọ̀n ka oko, tí wọ́n ń ra kajú lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní kìlókìló, tí wọ́n ń kó o jọ títí yóò fi kún ọkọ̀ tó ń lọ sí Èkó. Láti ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wọkọ̀ ojú omi lọ sí Íńdíà àti Vietnam. Àgbẹ̀ mọ iye tí wọ́n san fún òun, ṣùgbọ́n kò mọ iye tí wọ́n tà á ní èbúté. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa rí, àwa tí a jókòó sí àdúgbò Under G tàbí Tákíé ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí a ń fi kọ̀ǹpútà gbaṣẹ́ ṣe fún ará òkèèrè, bí ilé-iṣẹ́ alágbàtà bá wà láàárín.

Ọdún méjì ni mo fi bá irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Dọ́là 18 ni wọ́n ń fún mi ní wákàtí kan. Lọ́jọ́ kan, akọ̀wé owó oníbàárà ṣèèṣì fi ìwé tí kì í ṣe tèmi ránṣẹ́ sí mi, mo sì rí i níbẹ̀ pé dọ́là 40 ni wọ́n ń san lórí mi. Mi ò lè jẹun alẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tó dùn mí jù ni pé láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀, mi ò béèrè rí, mo sì ti fọwọ́ sí i pé n kò ní í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ owó mi. Nítorí àwọn ọmọ LAUTECH, yunifásítì ìlú wa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ irú iṣẹ́ yìí ni mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò owó tiyín

Kí ẹ tó wo àpò alágbàtà, ẹ mọ iye tí ẹ kò gbọdọ̀ gbà kéré sí. Bí ohun tí ẹ nílò lóṣù bá jẹ́ ₦600,000, ẹ má ṣe fi wákàtí 160 pín in bíi ti òṣìṣẹ́ olówó-oṣù, nítorí ₦3,750 ni yóò fún yín, irọ́ sì ni. Agbaṣẹ́ṣe kì í gbowó ọjọ́ tí ara rẹ̀ ò dá, tàbí ọjọ́ tí kò síná tí epo jẹnẹrétọ̀ sì tán, tàbí wákàtí tó fi ń wáṣẹ́. Bí wákàtí tí wọn yóò sanwó fún bá jẹ́ 120, ₦5,000 ni wákàtí kan. Ẹ fi owó dátà àti ti epo sínú ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó pín in.

Ìdá nínú kí ni?

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ka èrè. Ká ní oníbàárà san dọ́là 40, ẹ gba 30, ó ku 10. Bí a bá fi 10 yẹn wé owó tí oníbàárà san, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Bí a bá fi wé owó tó dé ọwọ́ yín, ó di 33 àti díẹ̀. Owó kan náà ni, àmọ́ èyí tó kéré létí ni wọn yóò dárúkọ. Nínú ọ̀rọ̀ tèmi, 22 ló kù nínú 40: ìdá 55 nínú ohun tí oníbàárà san.

Èrè alágbàtà kì í ṣe olè. Òun ló rí oníbàárà. Oníbàárà mìíràn kì í sanwó títí ọgbọ̀n tàbí ọgọ́ta ọjọ́ yóò fi pé, alágbàtà tó dára á sì ti san tiyín ṣáájú láti inú àpò ara rẹ̀. Bí oníbàárà bá sá lọ, alágbàtà náà ni yóò ru àdánù rẹ̀. Fiverr, ìkànnì tí wọ́n ti ń gbaṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, náà ń yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó oníṣẹ́, ṣùgbọ́n gbangba ni wọ́n ti sọ ọ́. Ibi tí mo ti bínú ni kí wọ́n mú ju ìdajì, kí wọ́n sì tún máa dúró de oníbàárà kí wọ́n tó san tèmi.

Béèrè kí o tó fọwọ́ sí i

Kò gba ìjà. Báyìí ni mo ṣe ń sọ ọ́ báyìí: “Ẹ káàsán mà. Kí n tó fọwọ́ síwèé, ẹ jọ̀ọ́, mélòó ni oníbàárà ń san fún wákàtí mi? Bí ẹ kò bá lè sọ iye rẹ̀, ìdá mélòó ni tiyín nínú ohun tó ń san? Bó bá fi kún owó lọ́la, ṣé yóò kàn mí?” Wọ́n lè kọ̀ láti dáhùn, oníṣòwò ni wọ́n. Àmọ́ bí wọ́n ṣe kọ̀ náà yóò sọ nǹkan fún yín.

Ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í rántí, òun sì ni mo kà sí pàtàkì jù: bí oníbàárà bá san dọ́là tí ẹ̀yin ń gba náírà, ta ló ń ṣẹ́ ẹ sí náírà, iye pàṣípààrọ̀ ti ọjọ́ wo ni wọ́n sì ń lò? Alágbàtà lè sọ pé ìdá 15 péré lòun ń mú, kó wá fi iye oṣù tó kọjá ṣẹ́ dọ́là yín. Èrè kejì nìyẹn, kò sì sí nínú ìwé. Ẹ ní kí wọ́n kọ orísun iye tí wọn yóò máa lò àti ọjọ́ rẹ̀ sínú àdéhùn.

Bí wọ́n bá yọ owó-orí kí wọ́n tó san yín, ẹ gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Yóò dín ohun tí ẹ máa san fún ìjọba lọ́dún náà kù. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ sanwó kí òun tó fún yín níṣẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ní kí ẹni tó ń gba ènìyàn síṣẹ́ fún ẹlòmíràn ní ìwé-àṣẹ; ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín.

Ìlà àṣírí

Ẹ ka ìlà tó sọ̀rọ̀ àṣírí nínú àdéhùn lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ohun mẹ́ta ló sábà máa ń kó pọ̀. Ó lè ní kí ẹ má sọ iye tí ẹ ń gbà fún oníbàárà. Mo lè gba ìyẹn. Ó lè ní kí ẹ má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà náà ní tààrà. Èyí náà yé mi, bó bá ní ìwọ̀n ìgbà, bí oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan. Ṣùgbọ́n tó bá ní kí ẹ má sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè kankan, ẹ ní kí wọ́n fi kún un pé: “àyàfi lọ́yà mi, àwọn agbowó-orí, báńkì mi, àti ọkọ tàbí aya mi.” Wọ́n á sábà gbà.

Àwọn kan máa ń sọ pé òfin Amẹ́ríkà kò jẹ́ kí agbanisíṣẹ́ ní kí òṣìṣẹ́ fi owó-oṣù rẹ̀ ṣe àṣírí. Òótọ́ ni pé òfin ọdún 1935 wọn fàyè gba òṣìṣẹ́ láti bá àwọn òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ owó, ṣùgbọ́n agbaṣẹ́ṣe tó dá dúró kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ìwé tí ẹ fọwọ́ sí ló de yín.

Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i ńkọ́?

Ẹ má da àdéhùn. Ẹ béèrè iye ọjà, ẹ má béèrè iye ẹnìkan. “Mélòó ni wọ́n ń san fún irú iṣẹ́ yìí lásìkò yìí?” kò tú àṣírí yín, kò sì tú ti ẹni tí ẹ bi. Ẹ kọ̀wé sí alágbàtà méjì mìíràn bí ẹni tó ń wáṣẹ́, ẹ gbọ́ iye tí wọn yóò dá.

Mi ò mẹ́nu ba ìwé tó ṣìnà dé ọwọ́ mi yẹn rárá. Mo dúró títí àdéhùn fi ku oṣù kan kó parí, mo wá kọ̀wé sí wọn pé alágbàtà méjì ti fi dọ́là 25 àti 28 lọ̀ mí fún irú iṣẹ́ kan náà, pé ó wù mí kí n dúró lọ́dọ̀ wọn, àti pé 28 ni mo fẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ dá 21. Mo dúpẹ́, mo ní kò gbà. Ní ọjọ́ kẹrin, ìwé tuntun dé: 26, owó yóò sì máa wọlé láàárín ọjọ́ méje, yálà oníbàárà ti san tàbí kò tíì san.