Bí Ẹ Ṣe Lè Tọ́jú Omi Zobo Tí Àwọ̀ Ẹ̀ Ò Fi Ní Ṣí

Zobo sísè ò le rárá, títọ́jú ẹ̀ ló ń dá àwọn èèyàn láàmú. Pupa tẹ́ ẹ̀ ń rí nínú ẹ̀ yẹn, anthocyanin ni wọ́n ń pè é, ó wà lára antioxidant, ìyẹn èròjà tó ń dáàbò bo ara, tá a torí ẹ̀ ń mu ún. Tí pupa yẹn bá ti ń di àwọ̀ bíi búráùn, oore ẹ̀ ti ń lọ nìyẹn, ì báà má tíì bà jẹ́ lẹ́nu.

Ẹ ṣan ewé zobo gbígbẹ, ẹ da omi híhó lé e, ẹ bò ó fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20, ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ má gbé e ka iná fún wákàtí kan o. Ìkòkò tánganran lèmi máa ń lò, irin tó ti dípẹtà máa ń jẹ́ kó dúdú. Àwọn tó ń ju káún sí i kó má baà kan jù, ẹ jọ̀ọ́, kíkan yẹn gan-an ló gbá pupa ẹ̀ mú.

Ibi tí wàhálà wà rèé: rírọ ọ́ sígò. Ooru, ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ló ń pa á, àwọn èèyàn wá ń kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n á rọ ọ́ ní gbígbóná sínú ike, kò ní kún, wọ́n á wá tò ó síwájú ṣọ́ọ̀bù nínú oòrùn kí oníbàárà lè rí bó ṣe pọ́n tó, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́ ẹ ò ní mọ̀ ọ́n mọ́.

Ẹ gbé ìkòkò náà sínú agbada omi tútù, ẹ máa rò ó títí á fi tutù. Ẹ wá rọ ọ́ dé ọrùn ìgò, ẹ dé e pa, kó wọ fíríìjì kíá. Ìgò máàtì aláwọ̀ búráùn ló dáa jù, ẹ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Tí ò bá sí, ẹ wé láílọ́ọ̀nù dúdú mọ́ èyí tẹ́ ẹ ní. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ fírísà ló ń lọ, inú láílọ́ọ̀nù kéékèèké ni kẹ́ ẹ dì í sí, torí omi máa ń wú tó bá dì, á fọ́ ìgò. Èyí tó bá ti yọ́, ẹ mu ún tán, ẹ má dá a padà.

Ọsàn wẹ́wẹ́, ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ mu ún ni kẹ́ ẹ fún un sí i. Fítámì C àti pupa yẹn kì í bára gbé pẹ́ nínú ìgò.

Tí NEPA àdúgbò yín bá jẹ́ èyí tó ń mú iná lọ lójoojúmọ́, ẹ má sè púpọ̀, ewé gbígbẹ ni kẹ́ ẹ tọ́jú. Inú kẹ́ẹ̀gì tó dé dáadáa, kó jìnnà sí sítóòfù. Tẹ́ ẹ bá fún un lọ́wọ́ tí ò ró wàràwàrà, ó ti fa omi, ẹ tún un sá síbi ìbòòji.

Tẹ́ ẹ bá ṣí ìgò tó wá ń hó fòfò, ẹ dà á nù, ẹ má tọ́ ọ wò.