Bí A Ṣe Ń Fi Coral Bells Bo Ilẹ̀ Ọgbà Láìsí Làálàá Púpọ̀

Bí ẹ bá ní abẹ́ igi kan tí koríko kì í gbé dáadáa, tàbí ẹ̀gbẹ́ ògiri kan tí oòrùn àárọ̀ nìkan ń dé, tí èpò wá sọ ibẹ̀ di ilé, ọ̀gbìn kan tó ń jẹ́ coral bells (Heuchera ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn ń pè é) lè gba ibẹ̀ lọ́wọ́ èpò fún yín. Ewé la torí ẹ̀ ń gbìn ín ju òdòdó lọ. Ewé ọ̀hún máa ń fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, etí rẹ̀ rí wínniwìnni, àwọ̀ rẹ̀ sì pọ̀: aláwọ̀ ewé lásán wà, aláwọ̀ àlùkò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú wà, aláwọ̀ bàbà wà, a sì tún rí èyí tí ojú rẹ̀ ń dán bíi fàdákà láàárín iṣan dúdú. Ìdì ewé náà kì í sábà ga ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ. Nígbà tí ooru bá ń bẹ̀rẹ̀, á yọ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ga tó 45 sí 60 sẹ̀ǹtímítà, òdòdó kéékèèké á sì so rọ̀ lára rẹ̀, pupa tàbí funfun. Oyin fẹ́ràn wọn.

Igbó àti àpáta Àríwá Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀. Oríṣiríṣi rẹ̀ ló wà: Heuchera sanguinea, olódòdó pupa, ń hù láàárín àpáta ní Arizona, New Mexico àti àríwá Mexico. Heuchera americana àti Heuchera villosa ń gbé nínú igbó ní apá ìlà oòrùn. Ẹni tó bá fojú inú wo ibi wọ̀nyẹn ti mọ ohun tí ọ̀gbìn náà ń fẹ́: ilẹ̀ tí ewé jíjẹrà pọ̀ nínú rẹ̀, ìbòòji díẹ̀, àti omi tó ń ṣàn kọjá láìdúró. Ọ̀gbìn tí òtútù ti mọ́ lára ni. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá pọ̀ nílẹ̀ yín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èyí tó bá ní ẹ̀jẹ̀ villosa lára ni kí ẹ béèrè, òun ló lè fara dà á jù.

Ní ti oòrùn, àwọ̀ ewé ni kí ẹ fi mọ ibi tí ẹ máa gbìn ín sí. Ewé dúdú àti aláwọ̀ àlùkò lè gba oòrùn díẹ̀ sí i. 'Palace Purple', tí ẹgbẹ́ Perennial Plant Association fi ṣe ọ̀gbìn ọdún ní 1991, wà lára irú wọn. Èyí tí ewé rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi wúrà ni kí ẹ pa mọ́ fún oòrùn ọ̀sán gangan, torí etí ewé rẹ̀ á jó.

Kì í rìn, ìdì ló ń ṣe

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀ kí wọ́n tó rà á nìyí. Coral bells kì í ta ìtàkùn sórí ilẹ̀ bí ànàmọ́. Ojú kan ló ń dúró sí tí á máa fẹ̀ níwọ̀nba. Tí ẹ bá gbin mẹ́ta sáàárín ilẹ̀ gbalasa, tí ẹ wá ń retí kí wọ́n lọ bo gbogbo rẹ̀, èpò ni yóò bá yín bò ó. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan jìnnà sí èkejì ní nǹkan bí 30 sí 35 sẹ̀ǹtímítà, kí ewé wọn lè fẹnu kora. Ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó á gbà tó 9. Owó ìbẹ̀rẹ̀ á pọ̀ díẹ̀ o, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ìsinmi ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ibi tí ewé bá ti pàdé, èpò kì í rí ìmọ́lẹ̀ hù.

Ọrùn rẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀

Kí ẹ tó gbìn ín, ẹ gbẹ́ kòtò tó jìn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ pọn omi kún un. Bí omi bá ṣì wà nínú rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, ẹ má gbìn ín síbẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ kó ilẹ̀ jọ kó ga tó 15 sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ po ajílẹ̀ ewé jíjẹrà mọ́ ọn, kí ẹ wá gbìn ín sórí rẹ̀. Omi dídúró ló ń pa coral bells ju ọ̀dá lọ. Lábẹ́ igi ńlá, ẹ má gé gbòǹgbò igi tó nípọn. Àlàfo àárín wọn ni kí ẹ wá.

Ibi tí ewé ti ń yọ lórí gbòǹgbò la ń pè ní ọrùn. Ó gbọ́dọ̀ bá ojú ilẹ̀ dọ́gba. Tó bá rì sínú ilẹ̀, omi á máa wọ̀ ọ́, á sì rà. Tó bá yọ jù, á gbẹ. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn lára, kí ẹ bomi rin ín, kí ẹ sì tún ọrùn náà wò, torí ilẹ̀ máa ń wálẹ̀ tí omi bá ti mu ún. Lẹ́yìn náà, ẹ fi èèpo igi tàbí ewé gbígbẹ bo ilẹ̀ tó kù, kó nípọn tó 5 sẹ̀ǹtímítà, ṣùgbọ́n ẹ fi ìka mẹ́ta sílẹ̀ yí ọrùn ká.

Ní ọdún kìíní, ẹ máa ki ìka bọ ilẹ̀. Bó bá gbẹ nísàlẹ̀, ẹ bu omi sí ìdí rẹ̀, kì í ṣe sórí ewé. Ọwọ́ ni kí ẹ fi tu èpò, torí gbòǹgbò rẹ̀ kò jìn, ọkọ́ á gé e. Lẹ́yìn ọdún yẹn, ìgbà tí òjò bá dá pẹ́ nìkan ló máa nílò omi yín. Ajílẹ̀ ewé jíjẹrà díẹ̀ nígbà ìrúwé tó o. Ajílẹ̀ alágbára máa ń mú kí ewé rẹ̀ rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀.

Ẹ má gé ewé rẹ̀ nígbà ìwọ́wé. Ewé àtijọ́ yẹn ló ń bo ọrùn lásìkò òtútù. Tí tuntun bá ti ń yọ nígbà ìrúwé, ẹ wá já èyí tó gbẹ kúrò.

Níbi tí ilẹ̀ ti ń dì, tó ń yọ́, tó tún ń dì, ilẹ̀ máa ń ti ọ̀gbìn náà jáde. Nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ rìn yí oko náà ká. Èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ bá hàn, ẹ fọwọ́ tì í padà, kí ẹ bu ilẹ̀ sí i.

Láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, àárín ìdì náà á le bí igi, ewé á kù sórí nìkan. Kò tíì kú. Ẹ hú u nígbà ìrúwé, kí ẹ fi ọ̀bẹ mímú pín in, kí ẹ ju àárín tó ti gbó nù, kí ẹ sì gbin ìyókù, kí ilẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ewé wọn gẹ́lẹ́. Kódà èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ kò tó nǹkan á ta òmíràn tí ẹ bá fi í síbi ìbòòji tí ilẹ̀ rẹ̀ tutù. Báyìí lẹ ṣe máa rí ohun tí ẹ máa fi dí àlàfo, láìtún ná owó.

Kòkòrò tó yẹ kí ẹ mọ̀

Vine weevil ni ọ̀tá rẹ̀ gan-an. Òru ni kòkòrò dúdú yìí ń jáde, á jẹ etí ewé ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ nínú ilẹ̀ ló burú jù. Bí coral bells bá rọ nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, ẹ fà á díẹ̀. Bó bá fò tẹ̀lé ọwọ́ yín láìsí gbòǹgbò, ẹ tú ilẹ̀ ibẹ̀: ẹ máa rí ìdin funfun tó ká kọ́rọ́kọ́rọ́, tí orí rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú. Ẹ ṣa gbogbo wọn pa. Ẹ gbin ọrùn tó kù padà, ó lè ta gbòǹgbò tuntun. Àwọn aràn tín-ín-tìn-ìn-tín kan wà tí wọ́n ń tà fún pípa ìdin yìí, tí a ń po mọ́ omi dà sílẹ̀ ní ìparí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ilẹ̀ ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Inú ìkòkò ìtajà ni ìdin náà sábà ń gbà dé inú ọgbà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ yọ ọ̀gbìn náà kúrò nínú ike. Gbòǹgbò tó pọ̀, tó funfun tàbí tó pọ́n díẹ̀, tó di ilẹ̀ mú, ni kí ẹ gbà. Èyí tí ilẹ̀ bá wó kúrò lára rẹ̀, ẹ dá a padà.