Kànga Ẹ̀yìnkùlé Wa àti Táífọ́ọ̀dù: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé ní Èkìtì

Èkìtì Kete, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ táífọ́ọ̀dù ni mo fẹ́ bá yín sọ, èyí tí àwọn kan ń pè ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun, tori kò sí agboolé téèyàn máa wọ̀ báyìí tí ẹnì kan ò ní sọ pé "ibà àti táífọ́ọ̀dù ló ń ṣe mí", bíi pé ìbejì ni àwọn méjèèjì. Ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri. Táífọ́ọ̀dù ò bá ẹ̀fọn tan rárá, kòkòrò kan tí wọ́n ń pè ní Salmonella Typhi ló ń fà á, inú èèyàn nìkan ló sì ń gbé, kò sí nínú ewúrẹ́, kò sí nínú adìyẹ. Tó bá fi lè dé ẹnu yín, inú ìgbẹ́ tàbí ìtọ̀ èèyàn ló ti wá, ó lè gba inú omi, ó lè gba inú oúnjẹ, ó lè jẹ́ ọwọ́ ló gbé e wá. Ó ń ríni lára láti sọ, mo mọ̀, àmọ́ tá ò bá sọ ọ́ báyìí a ò ní mọ ìdí tá a fi ń ra oògùn lóṣooṣù tí àìsàn náà ò sì kúrò nílé.

Kànga ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

Ilẹ̀ olókè, ilẹ̀ àpáta la wà. Tí wọ́n bá ń gbẹ́ kànga ní Adó, ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ẹ̀fọ̀n, kì í pẹ́ tí wọ́n á fi kan òkúta, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ kànga wa ò fi jìn, tí àpáta bá sì ti sán nísàlẹ̀, ojú ibi tó sán yẹn lè gbé omi ṣáláńgá dé ibi tẹ́ ò lérò. Ẹ wọn ilẹ̀ tó wà láàárín kànga àti ṣáláńgá. Ó yẹ kó tó mítà 30, ìyẹn bí ìṣísẹ̀ àgbàlagbà 40, kí kànga sì wà lápá òkè, kí ṣáláńgá wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nísàlẹ̀. Ti aládùúgbò wà nínú ẹ̀ o, sókáwéè náà wà nínú ẹ̀.

Mo dé ilé kan lọ́nà Ìkọ̀lé nígbà òjò, ọmọ mẹ́ta ti dùbúlẹ̀ àìsàn níbẹ̀ láàárín oṣù kan. Ìyá wọn mọ́ tónítóní, ìkòkò rẹ̀ ń dán. Mo ní màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa omi kí n rí i. Gálọ́ọ̀nù tí wọ́n gé lórí ni wọ́n so okùn mọ́, okùn yẹn sì wà nílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọmọ tó kéré jù ti yàgbẹ́ láàárọ̀ tí wọ́n kàn da omi lé. Bí màmá ṣe ń fà á ló ń ká a mọ́wọ́, ẹrẹ̀ ara okùn ń kán tó, tó, tó, ó ń padà sínú kànga. Ẹnu kànga ọ̀hún ò ga ju kókósẹ̀ lọ, tí òjò bá dé gbogbo àgbàrá ẹ̀yìnkùlé inú ẹ̀ ló ń dà sí. Mi ò tíì wo ìwé àyẹ̀wò kankan nígbà yẹn, ọkàn mi ti mú ibi tí wàhálà ti ń wá.

Ohun tá a ṣe ò pọ̀. Wọ́n fi búlọ́ọ̀kù gbé ẹnu kànga ga dé itan, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe pèpéle yí i ká, ó dà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí omi tó bá dànù lè ṣàn lọ, wọ́n ṣe ìdérí onípáánù, wọ́n wá kan ìṣó mọ́ ògiri tí okùn àti gálọ́ọ̀nù ń wà, kò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀ mọ́. Sìmẹ́ǹtì wọ́n, kò sẹ́ni tí ò mọ̀. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kẹ́ ẹ ṣírò owó abẹ́rẹ́ àti dírìpù tẹ́ ẹ ti ná látọdún tó kọjá, tí ilé mẹ́rin tó ń fa kànga kan bá dáwó pọ̀ kò ní nira tó bẹ́ẹ̀.

Omi mímu nínú ilé

Álọ́ọ̀mù máa ń jẹ́ kí omi tòrò, kì í pa kòkòrò. Omi tó mọ́ lójú kedere lè ní táífọ́ọ̀dù nínú. Ẹ sè é, tó bá ti ń hó kùtùkùtù ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán, kẹ́ ẹ dé e kó tutù nínú ìkòkò kan náà. Tí kò bá sí igi tàbí gáàsì, ẹ ra oògùn omi bíi WaterGuard, ẹ lo ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ìgò, kẹ́ ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹnikẹ́ni tó mu ún. Omi tó bá dọ̀tí, ẹ kọ́kọ́ fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ.

Ibi tí a ti ń bà á jẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni amù àti dírọ́ọ̀mù. Ẹ ti se omi tán, ọmọ dé láti ìta, ó ti kọ́ọ̀pù bọ̀ ọ́ tòun ti ìka. Kẹ́ẹ̀gì tí ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ìdérí ló dáa jù, kẹ́ ẹ máa dà á jáde.

Lóko

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ má bínú, odò oko yẹn kì í ṣe omi mímu. Ẹnì kan ti lọ yàgbẹ́ lókè odò lónìí, ẹ̀yin ń bù mu nísàlẹ̀. Ẹ gbé omi tiyín láti ilé. Tí ìgbẹ́ bá ń gbẹ̀ yín lóko, ẹ fi ọkọ́ gbẹ́ ihò síbi tó jìnnà sódò, kẹ́ ẹ bò ó. Àwọn tó ń gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ewédú sí àkùrọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó o lọ sọ́jà ẹ má fi omi kòtò yẹn wẹ̀ ẹ́ kó lè tutù yọ̀yọ̀. Ẹ̀fọ́ tá à ń sè jinná ò burú, èyí tá à ń jẹ ní tútù bíi kùkúńbà àti sàláàdì ló yẹ kí onílé fi omi tó mọ́ fọ̀ dáadáa.

Abọ́ ìfọwọ́

Iyán ti délẹ̀, abọ́ omi kan ṣoṣo, bàbá fọwọ́, ẹ̀gbọ́n fọwọ́, ó kan àbúrò, nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ ọmọ tó kẹ́yìn omi ti di àwọ̀ eérú. Ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú èyí. Kí ẹnì kan máa da omi sí wa lọ́wọ́, kí ọṣẹ wà níbẹ̀. Ẹ tún fọ̀ ọ́ lẹ́yìn ṣáláńgá, àti lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá nùdí fún ọmọ.

Tẹ́ẹ̀sì àti oògùn

Tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n sábà máa ń ṣe fún wa ni Widal, láti 1896 ló ti wà. Ohun tí ara fi ja kòkòrò náà ló ń wá nínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn sì lè wà níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá, kódà ibà ẹ̀fọn lè jẹ́ kí tẹ́ẹ̀sì náà sọ pé táífọ́ọ̀dù wà. Ìdí rèé tí ẹlòmíì fi ń gba oògùn táífọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún tí táífọ́ọ̀dù ò sì ṣe é rí. Èyí tó ṣeé gbára lé jù ni kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n sì dúró bí ọjọ́ mélòó kan bóyá kòkòrò á hù, kẹ́ ẹ sì ṣe é kẹ́ ẹ tó gbé oògùn kankan mì. Ẹ béèrè rẹ̀ ní ọsibítù ńlá. Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n yẹ ibà wò.

Tí dókítà bá ní ọjọ́ 7 tàbí ọjọ́ 14, ẹ lò ó pé. Ọjọ́ kẹta lara máa ń fẹ́ yá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó èyí tó kù pa mọ́ fún àbúrò. Kòkòrò tí oògùn ò pa tán máa ń kọ́ bó ṣe máa ṣẹ́gun oògùn, ní Pakistan látọdún 2016 irú kan ti wà tí ọ̀pọ̀ jù nínú antibáyọ́tíìkì tí wọ́n fi ń wò ó ò ràn mọ́. Oògùn ẹyọ méjì-méjì tí wọ́n ń gé tà ní kẹ́míìsì, ẹ yé é rà á.

Ẹni tó ti gbádùn náà lè máa gbé e kiri, tori ó máa ń sápamọ́ sínú òróòro. Mary Mallon, alásè kan ní New York, kò mọ̀ pé ohun kan ń ṣe òun, síbẹ̀ ó ń kó ran àwọn tó ń sè fún. Wọ́n sé e mọ́ ní 1907, wọ́n tú u sílẹ̀ ní 1910 pé kó má ṣe dáná fún èèyàn mọ́, ó padà sídìí ààrò, wọ́n tún mú un ní 1915, ibi tí wọ́n sé e mọ́ ló kú sí ní 1938. Ẹ̀yin olóúnjẹ wa, ọṣẹ yín ni ààbò àwọn oníbàárà yín.

Àjẹsára wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí irú tuntun kan ní 2018 tí ọmọ oṣù mẹ́fà lè gbà, ẹ béèrè ní sẹ́ńtà ìlera àdúgbò yín, àmọ́ ẹ má torí ẹ̀ fi kànga sílẹ̀.

Ìgbà tí kò yẹ kẹ́ ẹ dúró

Ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn tó bá ti wọlé ló sábà máa ń hàn, torí náà ẹ má kàn máa bínú sí oúnjẹ àná. Ara á máa gbóná díẹ̀díẹ̀ sí i lójoojúmọ́, orí á máa fọ́, ikùn á máa dun èèyàn, oúnjẹ ò ní wù ú, ẹlòmíì ò ní lè yàgbẹ́, ọmọdé lè máa ṣu gbuuru. Tó bá ti kọjá ọjọ́ mẹ́ta, sẹ́ńtà ìlera ni, ẹ má fi àgbo dá a dúró sílé. Tí ikùn bá le bíi pátákó, tí inú ríro ṣàdédé le sí i, tí ìgbẹ́ dúdú bí ọ̀dà, tàbí tó ń ṣèrànrán, àìsàn náà ti le gan-an nìyẹn, ìfun lè ti lu, ó sì lè gba iṣẹ́ abẹ. Ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́. Ẹ wá mọ́tò lóru yẹn kẹ́ ẹ gbé e lọ ọsibítù ńlá ní Adó tàbí ní Ìdó, kẹ́ ẹ kó gbogbo páálí oògùn tó ti lò dání, kí dókítà lè mọ èyí tó ti wọ ara rẹ̀.