Ẹ̀yin tá a jọ ń gun kẹ̀kẹ́, ẹ má dúró de Sátidé

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wa ló fẹ́ kí ẹsẹ̀ wa le gidi lórí kẹ̀kẹ́ àmọ́ iṣẹ́ àti ọmọ ò jẹ́ ká ráyè, a wá ń dúró de wákàtí mẹ́ta tó máa ṣí sílẹ̀. Kò ní ṣí o.

Túsìdeè àti Tọ́sìdeè ni tèmi, aago 5:15 ìdájí. Màá rọra wà á fún ìṣẹ́jú 10 kí ara gbóná, màá wá tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan fún ìṣẹ́jú 4, màá rọra tẹ̀ ẹ́ fún 3, ẹ̀ẹ̀mẹrin bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣì lè sọ̀rọ̀ geere nínú ìṣẹ́jú 4 yẹn, ẹ ò tíì tẹ̀ ẹ́. Tó bá fi máa di aago mẹ́fà kọjá díẹ̀ mo ti ń wẹ ọmọ fún ilé ìwé. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà yẹn, torí náà àdúgbò ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, pẹ̀lú iná níwájú àti lẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bọ́ sí títì Ìlọrin, tírélà ò rí yín.

Alẹ́ ló ṣe pàtàkì jù. Kí n tó sùn màá ti fọwọ́ tẹ táyà wò, màá rọ omi sínú ike, màá kó ṣòkòtò àti ìbọ̀sẹ̀ sórí àga ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, kí n má baà tanná jí ọmọ kékeré.

Èyí tó gùn, bíi ká lọ sí Ọ̀yọ́ ká bọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ti tó, ẹ sì ti bá ìyàwó tàbí ọkọ yín sọ ọ́ láti Ọjọ́rú.