Ẹ má fi owó ọ̀la ra agbábọ́ọ̀lù àná: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nígbà ọjà NBA

Aago mọ́kànlá alẹ́ Nàìjíríà ni ọjà NBA, líìgì básíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà, máa ń ṣí, ìyẹn ìgbà tí tíìmù lè bẹ̀rẹ̀ sí í bá agbábọ́ọ̀lù tí kọ́ńtíráàtì wọn ti parí dúnàádúrà, ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, torí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ New York ni wọ́n fi sí. Tẹ́ ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tó fẹ́ràn básíkẹ́ẹ̀tì, alẹ́ ọjọ́ yẹn lẹ máa mọ̀ ọ́n, kò ní sùn, fóònù ò ní kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, á kàn máa pariwo "wọ́n ti mú un! wọ́n ti mú un!" bí ẹni pé òun gan-an ló fẹ́ sanwó. Èmi náà wà lára wọn o. Àmọ́ ohun tí mo ti rí nínú ọjà yìí ni pé inú oṣù keje ni ọ̀pọ̀ tíìmù ti ń ba ara wọn jẹ́, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń gbá bọ́ọ̀lù kankan, àṣìṣe yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, aṣọ ló kàn ń pààrọ̀: wọ́n á kó owó ọ̀la, wọ́n á fi ra ohun tí ẹnì kan ṣe lánàá.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, ẹ jẹ́ n sọ ti pick. Lọ́dọọdún líìgì máa ń pín àwọn ọmọ tuntun fún tíìmù lọ́jọ́ draft, àwọn tó fìdí rẹmi jù ló sì máa ń wà níwájú nínú ìlà. Ẹ̀tọ́ láti mú ọmọ yẹn là ń pè ní pick, ìpele méjì ló wà, ti ìpele kìíní ló níye lórí jù, ó ṣeé tà, kódà ti ọdún méje síwájú ṣeé tà. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Má ta gbogbo pick rẹ torí àgbà ọ̀jẹ̀

Brooklyn Nets ni gbogbo ayé fi ń ṣàpẹẹrẹ, èmi náà ò lè fò wọ́n. Lọ́dún 2013 wọ́n lọ gba Kevin Garnett, Paul Pierce àti Jason Terry lọ́wọ́ Boston. Garnett ti pé ẹni ọdún 37, àwọn méjì tó kù jẹ́ 35. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ rèé o: pick ìpele kìíní ti 2014, ti 2016, ti 2018, àti àǹfààní kí Boston pààrọ̀ pick ti 2017 tí ti Brooklyn bá dáa ju tiẹ̀ lọ. Ẹ tún un kà. Ẹni tó ta 2018 nínú 2013 ń sọ fún wa pé òun mọ bí tíìmù òun ṣe máa rí lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ta ló mọ ìyẹn?

Pierce lo sáà kan, ó gba Washington lọ. Garnett náà ò lo sáà méjì pé kí wọ́n tó dá a padà sí Minnesota níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di sáà 2016-17, eré 20 péré ni Brooklyn borí nínú 82, àwọn ló burú jù ní gbogbo líìgì, wọn ò sì lè jẹ èrè ìyà yẹn torí Boston ló ni ipò wọn nínú ìlà. Ti 2016 ni Boston fi mú Jaylen Brown, ti 2017 ni wọ́n fi dọ́gbọ́n bá Philadelphia ṣe pàṣípààrọ̀ tí Jayson Tatum fi bọ́ sí wọn lọ́wọ́, àwọn ọmọ méjèèjì ló gbé ife fún Boston lọ́dún 2024. Àwọn àgbà ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá ẹ̀ délé, Brooklyn ru tiẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, aládùúgbò wọn ló jẹ ọbẹ̀.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, mi ò ní kí tíìmù má ta pick láéláé. Milwaukee ta mẹ́ta lọ́dún 2020 pẹ̀lú àǹfààní pàṣípààrọ̀ méjì láti fi gba Jrue Holiday lọ́wọ́ New Orleans, àwọn èèyàn ní owó yẹn ti pọ̀ jù, nígbà tó di 2021 wọ́n gba ife. Holiday jẹ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún, ó mọ bí wọ́n ṣe ń dí èèyàn lọ́nà, ó sì wá bá Giannis, ìràwọ̀ tíìmù náà, tí ò tíì pé 26, èyí tí wọ́n rà, òní ni wọ́n rà, wọ́n lò ó lójú ẹsẹ̀. (Giannis Antetokounmpo yìí, Adétòkunbọ̀ ni o jàre, Yorùbá ni bàbá ẹ̀, Ìgbò ni ìyá ẹ̀, Èkó ni wọ́n ti lọ sí Gíríìsì, ìkọ̀wé àwọn Gíríìkì ló sọ orúkọ tó dùn lẹ́nu yẹn di ohun tí ahọ́n oyìnbó ń kọsẹ̀ lé.)

Má ṣe nǹkan kan nígbà tí ara rẹ ṣì ń gbóná

Milwaukee kan náà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀, ó sì ń dùn mí. Lọ́dún 2023 àwọn ló wà nípò kìíní ní ìlà-oòrùn, ọ̀kan nínú apá méjì tí wọ́n pín líìgì sí, Miami wá lé wọn jáde ní ìpele àkọ́kọ́, 4-1. Ìtìjú gbáà. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná, àmọ́ wọ́n lá a. Wọ́n lé Mike Budenholzer, kóòṣì tó gba ife fún wọn lọ́dún méjì ṣáájú, wọ́n mú Adrian Griffin tí kò ṣe olórí kóòṣì NBA rí. Ó kù díẹ̀ kí sáà bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi Holiday sínú tíréèdì (ìyẹn pàṣípààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù láàárín tíìmù), wọ́n gba Damian Lillard tó ti pé 33 lọ́wọ́ Portland.

Mi ò ní purọ́, mo jó lọ́jọ́ yẹn. Mo ní ó ti parí, kí wọ́n máa gbé ife bọ̀. Mi ò bi ara mi pé ta ló máa wá dí àwọn ọ̀tá lọ́nà tí Holiday bá ti lọ, mi ò sì bi ara mi pé ibo ni Holiday fúnra ẹ̀ máa bọ́ sí. Portland ò nílò ẹ̀, kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi tà á fún Boston, Boston tí wọ́n jọ ń du ìlà-oòrùn! Boston yẹn náà ló gba ife 2024, Holiday sì wà nínú ẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ta nǹkan, ẹ wo ẹni tó máa rà á lọ́wọ́ ẹni tó rà á lọ́wọ́ yín.

Kí ni Griffin rí? Terry Stotts, tó ti ṣe kóòṣì Lillard ní Portland, tí wọ́n mú wá kó lè máa ràn án lọ́wọ́, kúrò kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kìíní 2024 wọ́n ti borí nínú eré 30, wọ́n fìdí rẹmi nínú 13, wọ́n lé Griffin. 30-13 o! Doc Rivers gorí àga, 17-19 ló fi parí. Indiana lé wọn jáde lọ́dún yẹn, Indiana tún lé wọn jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e, iṣan gìgísẹ̀ Lillard já láàárín ẹ̀, nígbà tó wá di oṣù keje 2025 wọ́n tú kọ́ńtíráàtì ẹ̀ ká kí wọ́n lè ráyè mú Myles Turner. Owó tó kù tí wọ́n jẹ ẹ́, bíi mílíọ̀nù 113 dọ́là, wọ́n pín in sí ọdún márùn-ún. Títí di 2030 ni wọ́n á máa sanwó fún ẹni tí ò sí nílé wọn, ọmọ Adétòkunbọ̀ sì ń dàgbà.

Kóòṣì kì í ṣe irun tí èèyàn ń gẹ̀ lóṣooṣù

Phoenix Suns ló ṣe èyí jù. Monty Williams gbé wọn dé àṣekágbá ní 2021, ó gba àmì-ẹ̀yẹ kóòṣì tó dáa jù ní 2022 pẹ̀lú eré 64 tí wọ́n borí. Wọ́n lé e ní 2023. Frank Vogel dé, sáà kan, ó borí nínú eré 49, Minnesota nà wọ́n 4-0, wọ́n lé e. Budenholzer (bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tí Milwaukee lé) dé, sáà kan, 36-46, wọ́n lé òun náà. Láàárín gbogbo ìyẹn, ìṣòro tòótọ́ jókòó sínú ìwé owó: wọ́n ti kó pick ìpele kìíní mẹ́rin fún Brooklyn torí Kevin Durant, wọ́n tún lọ gbé Bradley Beal pẹ̀lú kọ́ńtíráàtì tó ní kí wọ́n má lè fi í ṣe tíréèdì àfi tí òun bá gbà. Kóòṣì wo ló fẹ́ wo ìyẹn sàn? Nígbà tó di 2025 wọ́n ta Durant fún Houston, wọ́n san Beal lówó pé kó máa lọ.

Williams fúnra ẹ̀ náà rí tiẹ̀. Detroit fún un ní kọ́ńtíráàtì ọdún mẹ́fà tó lé ní mílíọ̀nù 78, wọ́n fìdí rẹmi nínú eré 28 léraléra, 14-68 ni wọ́n parí sáà, wọ́n lé e lẹ́yìn ọdún kan ṣoṣo. Orúkọ ni Detroit rà.

Ẹnì kan á ní ṣebí Toronto náà lé Dwane Casey ní 2018, ọdún tó gba kóòṣì tó dáa jù gan-an, tí wọ́n sì gba ife ní 2019. Òótọ́ ni. Masai Ujiri, ọmọ tó dàgbà ní Zaria, tó jẹ́ ọ̀gá tíìmù náà nígbà yẹn, ló wà nídìí ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó fi rọ́pò, Nick Nurse, ti jẹ́ igbákejì nínú ilé yẹn fún ọdún márùn-ún, ó mọ àwọn ọmọ náà, Ujiri sì tún gbé Kawhi Leonard wá pẹ̀lú. Kò kàn lé èèyàn torí ojú ń tì í.

Owó tó wà nílẹ̀ kì í ṣe ìdí láti ná an

Ní 2016 owó tẹlifíṣọ̀n tuntun wọlé, iye tí tíìmù lè ná lórí owó oṣù fò láti mílíọ̀nù 70 dọ́là sí 94 lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dà bí ọjọ́ tí gbogbo àdúgbò kó àjọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí gbogbo wọn wá lọ sọ́jà kan náà: iṣu ẹgbẹ̀rún méjì á di ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, iṣu ọ̀hún ò sì tóbi sí i. Lakers fún Timofey Mozgov ní mílíọ̀nù 64, ọdún mẹ́rin, ẹni tí Cleveland ò fi bẹ́ẹ̀ lò nínú àṣekágbá oṣù tó ṣáájú. Wọ́n fún Luol Deng ní 72. Knicks fún Joakim Noah ní 72, sáà méjì ló lò. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Lakers ní láti so D'Angelo Russell, ọmọdé tí wọ́n fi pick kejì mú, mọ́ Mozgov kí Brooklyn tó lè bá wọn gbé ẹrù yẹn.

Ìyà ẹ̀ tún ti le sí i láti 2023, torí òfin tuntun ní ààlà kan lórí àpapọ̀ owó oṣù tíìmù, tí wọ́n ń pè ní apron kejì. Tíìmù tó bá kọjá ẹ̀ ò lè pa owó agbábọ́ọ̀lù méjì pọ̀ láti fi gba ẹnì kan nínú tíréèdì, pick ọdún méje síwájú náà á di títì pa. Boston tó gba ife sá fún un ní 2025, wọ́n ta Holiday. Ta ló rà á? Portland. Ẹ rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ò tíì di ìwé

Cleveland ní Carlos Boozer lọ́wọ́ lọ́dún 2004, kọ́ńtíráàtì ẹ̀ ṣì ní ọdún kan tí ò tó mílíọ̀nù kan dọ́là. Wọ́n jẹ́ kó lọ ní òmìnira torí wọ́n gbà pé ó máa padà wá sáìn èyí tó pọ̀ sí i. Utah gbé bíi mílíọ̀nù 68 síwájú ẹ̀, ó gba Utah lọ, ó lóun ò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni. Dallas náà ní 2015: DeAndre Jordan ti gbà lẹ́nu pé òun ń bọ̀, àmọ́ ọjọ́ tí wọ́n lè tọwọ́ bọ̀wé ò tíì pé, àwọn Clippers kó ara wọn lọ sílé ẹ̀ ní Houston, Blake Griffin gbé fọ́tò àga tí wọ́n fi dí ilẹ̀kùn síta, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tó ti sáìn padà fún wọn. Tyson Chandler, tó wà ní ipò tí Jordan fẹ́ wá gbà ní Dallas, ti gba Phoenix lọ nígbà yẹn.

Àwọn agbábọ́ọ̀lù náà ń ṣe tiwọn o. Latrell Sprewell kọ mílíọ̀nù 21 fún ọdún mẹ́ta ní Minnesota, ó lóun ní ìdílé tí òun ń bọ́, kò gbá bọ́ọ̀lù NBA mọ́ lẹ́yìn sáà 2004-05. Ìròyìn gbé e pé Dennis Schröder kọ nǹkan bíi 84 lọ́wọ́ Lakers, nígbà tó di 2021 bíi mílíọ̀nù mẹ́fà péré ló gbà ní Boston. Ọ̀kánjúà ni àbí ìmọ̀ràn burúkú, mi ò mọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí fóònù náà, ẹ wo orúkọ àkáǹtì tó gbé ìròyìn jáde lẹ́ẹ̀mejì kẹ́ ẹ tó pín in, torí ayédèrú pọ̀, lẹ́tà kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń yí, ẹ ti ń ki tíìmù yín kú oríire ẹni tí ò bọ̀.

Àmọ́ ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́. Lọ́dún 2001 Toronto fi pick ìpele kìíní àti ti ìpele kejì gba Hakeem Ọlájùwọ́n lọ́wọ́ Houston, ọmọ Èkó, ife méjì, ẹni ọdún 38 pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn ún. Sáà kan ló lò kó tó fẹ̀yìn tì. Gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí ló ní kí wọ́n má rà á. Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n gbé tíìmù yẹn lé lọ́wọ́, ǹ bá tún fi pick kan kún un ni.