Bí "n ò gbọ́ yín, mà" ṣe gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi ní Madrid

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Èyí tó wá ń dùn mí jù ni pé mo ti san 90 yúrò fún kíláàsì èdè Spéìn kó tó ṣẹlẹ̀.

Obìnrin kan pè mí nípa iṣẹ́ kílínà. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń ṣe ségesège, ohùn ẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Mo ní, "No la escucho, señora." Ó tún ọ̀rọ̀ sọ. Mo tún ní, "No la escucho." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Pues muy bien," ìyẹn "ó dáa bẹ́ẹ̀," ó gé fóònù mọ́ mi létí. Èmi rò pé "n ò gbọ́ yín, mà" ni mo sọ o! Létí tiẹ̀, "n ò ráyè tẹ́tí sí yín" ni.

Inú ìwé, ọ̀rọ̀ náà ò le: oír ni kí ohùn wọ etí ẹ, o fẹ́ o kọ̀, escuchar ni kéèyàn tẹ́tí. Mo gbọ́ ààrá, mo tẹ́tí sí rédíò. Oigo (mo gbọ́), oyes (o gbọ́), oye (ó gbọ́), ẹ há a sórí, ó tán.

Ibi tó ti há ni pé tíṣà wa, ọmọ Spéìn, kì í fẹ́ kéèyàn fi "no te escucho" sọ "n ò gbọ́ ẹ" rárá. Mo bá délé, ọmọ Kòlóńbíà tá a jọ háyà ilé ń pariwo sínú fóònù: "¡No te escucho, mamá!" Ìyá ẹ̀ ò bínú. Ẹnu ọmọ Kòlóńbíà yìí náà ni mo ti kọ́ ọ. Mo bi í, ó ní bí gbogbo ilé àwọn ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Mo padà sọ́dọ̀ tíṣà, ó ní níbí kọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń lọ ń bọ̀ bí alárinà tí ọkọ ò fẹ́, tí ìyàwó náà ò gbà.

Nígbà tó sú mi, mo ṣí Diccionario panhispánico de dudas, ìwé tó ń yanjú iyèméjì lórí èdè Spéìn, èyí tí Real Academia Española, àjọ tó ń mójú tó èdè náà, àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2005. Ó la ìyàtọ̀ náà kalẹ̀ bí tíṣà ṣe wí, ó sì ní ó ti pẹ́ táwọn èèyàn ti ń fi escuchar rọ́pò oír, pé kò yẹ kí wọ́n bá wọn wí. Àwọn méjèèjì ló jàre! Ta ni ì bá sọ ìyẹn fún mi kí n tó sanwó?

Èyí témi fúnra mi já ni pé "gbọ́" tiwa ló ń dà mí láàmú. À ń gbọ́ èdè, à ń gbọ́ òórùn. Mo ti sọ ọ́ rí ní kíláàsì pé "oigo español", wọ́n ń wo ẹnu mi. Entiendo, "ó yé mi", ni. Ọjọ́ tí ìrẹsì jóná, mo ní "oigo un olor", wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Huelo, ti imú, ni, kò kan etí. Nígbà tí mo ṣàlàyé ibi tó ti wá, tíṣà kọ "gbọ́" sójú pátákó, ó fa ilà mẹ́ta jáde lára ẹ̀. Orí mi wú.

Tẹ́ ẹ bá wà ní Spéìn, "no le oigo", n ò gbọ́ yín, ni kẹ́ ẹ sọ lórí fóònù. Èmi ti fi ìyẹn náà sílẹ̀, "se corta" ni mò ń sọ, ìyẹn ni pé ó ń já. Ẹ̀bi di ti nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá mo sọ ọ́ fún ẹlòmíì tó pè mí síṣẹ́. Ó ní òun á tún pè, ó sì pè. Owó ibẹ̀ fi yúrò méjì kéré sí ti àkọ́kọ́ ní wákàtí kan.